Ogun Kírìjì nínú Ìwé Johnson: Ohun tí Ó Kọ àti Ohun tí Ó Fò
Láti ọwọ́ Katikíìsì kan ní Ọ̀tan-Ilé

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí àwa àti àwọn ọmọ kíláàsì òkè ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ọ̀tan-Ilé ń ka ìtàn ogun Kírìjì, a dé ibi ìwé àdéhùn àlàáfíà ti ọdún 1886. Bí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin kan fò dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Tíṣà, ìlú wa nìyẹn! Wọ́n dárúkọ Ọ̀tan!” Inú gbogbo kíláàsì dùn. Ó ṣòro fún wa láti ba inú dídùn náà jẹ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́ fún ọmọdé: Ọ̀tan tí a kọ pọ̀ mọ́ Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ nínú ìwé náà, Ọ̀tan Ayégbajú ni, kì í ṣe tiwa. Ọmọ náà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní: “Tíṣà, Ìmẹ̀sí-Ilé tí wọ́n ti jà kò jìnnà sí wa. Níbo wá ni àwọn bàbá wa wà nígbà náà?”

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa padà sí ìwé tí a ti ń kà láti ìgbà èwe wa, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ń gbé lọ sínú kíláàsì bí ẹni pé kò sí ohun tí a lè fi kún un mọ́. Ìwé náà ni The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. A kò wá láti rẹ òkú ọlọ́lá sílẹ̀. Bí kò bá sí ìwé yìí, ìdajì ohun tí a mọ̀ nípa àwọn baba wa ni ìbá ti bá àwọn arúgbó wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí a bá fi ojú kan ṣoṣo wo ayé, ìdajì rẹ̀ ni a ó rí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ yẹ ìwé náà wò lórí ohun méjì péré: ohun tí ó sọ nípa ìdí tí ogun náà fi bẹ́ sílẹ̀, àti ohun tí ó sọ nípa iye tí àwọn ènìyàn san fún un.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ̀wé. A bí Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ní ọdún 1846. Ìbàdàn ni ó gbé dàgbà, Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, katikíìsì bí àwa yìí sì ni ní Ìbàdàn kí a tó sọ ọ́ di díákónì ní ọdún 1880. Lẹ́yìn náà ni a fi í sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí Aláàfin Adéyẹmí fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì bá òun parí ìjà ní ọdún 1881, Johnson ni ó ru lẹ́tà ọba lọ sí Èkó. Nígbà tí Gómìnà Moloney sì fẹ́ rán oníṣẹ́ sí bùdó méjèèjì ní ọdún 1886, Johnson ni a rán sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn, a sì rán Àlùfáà Charles Phillips, ẹni tí ó wà ní Oǹdó, sí ọ̀dọ̀ Èkìtì Parapọ̀. Nígbà náà, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń gbọ́ ìròyìn ni òǹkọ̀wé wa. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lábẹ́ òkè wọ̀nyí, ó gbọ́ ohùn ìbọn, ó sì bá àwọn ológun jókòó. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé ibi iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìtàn náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni, a sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí òǹkàwé gbàgbé pé ẹni tí ń ròyìn náà ní ibi tí ó dúró sí.

Ìwé náà pẹ̀lú jìyà kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní ọdún 1897 ni Johnson parí rẹ̀. Nígbà tí a fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ìbá tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó kọ ọ́ sì kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì, a sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, nígbà náà Dókítà pẹ̀lú ti kú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ìwé tí ó ń sọ nípa ogun ìbọn ọ̀tun nílẹ̀ wa ni ogun ìbọn ọ̀tun ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìdí ogun. Bí a bá bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Èkìtì tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pé kí ni ó fa Kírìjì, yóò dáhùn kíákíá pé ìwọ̀sí tí Oyèpẹ̀tun, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, fi kan Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni, tí Fábùnmi fi yọ idà pa á ní ọdún 1878. Bí a bá bi ẹni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, yóò sọ pé àìgbọràn àwọn ìlú tí ó ń sìn ni. Ìdáhùn méjèèjì jẹ́ ti iná tí a fi ràn án. Kò sí èyí tí ó sọ nípa igi tí a ti tò jọ. Johnson dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bo ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ kí a rí i pé ilé àwọn wọ̀nyí di ibi ìbẹ̀rù, pé àwọn ìránṣẹ́ wọn ń mú ohun tí ó wù wọ́n lọ́jà àti lóko, àti pé ọba tí ó ju ajẹ́lẹ̀ lọ nínú ọlá ń gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí ó fẹ́ràn Ìbàdàn tí ó sì jẹun níbẹ̀, òtítọ́ ńlá ni èyí.

Ó tún fi hàn wá pé ogun náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa rárá. Ní ọdún 1877 ni Ààrẹ Látòósà gbógun ti Ẹ̀gbá nítorí ọ̀nà òkun. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà pa. Ìlú tí ó ń gbé ilẹ̀ àárín, tí ìbọn àti ẹ̀tù rẹ̀ ń ti etí òkun wá, kò lè mí bí a bá di ọ̀nà mọ́ ọn. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ dúró lé lórí. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ fọ́, Ìbàdàn dìde. Ó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní ọdún 1840, gbogbo wa sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́ fún èyí. Ó fọ́ Ìjàyè nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Ó wọ Iléṣà ní ọdún 1870. Ìlú tí ogun gbé ró ni, ogun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ máa bọ́ ọ. Ẹrú ni ó ń ro oko àwọn ìjòyè rẹ̀, ẹrú ni ó ń ru epo lọ sí etí òkun, owó epo àti ẹrú náà ni a fi ń ra ìbọn, ìbọn náà ni a sì fi ń mú ẹrú mìíràn wá. Bí Fábùnmi kò bá tilẹ̀ yọ idà, ọwọ́ mìíràn ì bá yọ ọ́.

Ní ibi yìí ni àkọ́kọ́ àléébù tí a rí sí ìwé náà wà. Johnson ní gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí lọ́wọ́, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ ní ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ dá ẹ̀bi, ìwà ènìyàn kan ni ó ń yà lé lórí. Ìgbéraga Látòósà ni ó kún ojú rẹ̀. A kò sọ pé Látòósà kò gbéraga. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bi bá pin sórí ọkùnrin kan, àwọn tó kù ti wẹ ọwọ́ wọn: àwọn oníṣòwò tí ń ta ẹ̀tù fún apá méjèèjì, àwọn ìlú tí ń fi ọ̀nà ṣe òwò, àwọn ìjòyè tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ pé ènìyàn búburú kan ni ó ń fa ogun, ó ti kọ́ ọ láti má ṣe bẹ̀rù ogun nígbà tí àwọn ènìyàn rere bá ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àléébù kejì ni pé Johnson mọ orúkọ gbogbo ìjòyè Ìbàdàn àti oríkì ilé wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá yí ojú sí apá tiwa, ọ̀pọ̀ ènìyàn di “àwọn Èkìtì” lásán. Ọ̀yọ́ ni ó ń pè ní Yorùbá gan-an. Àwa ìyókù jẹ́ ìbátan tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè tẹ̀ jáde ní ọdún 1971 ti ṣe àtúnṣe ńlá nípa èyí, nítorí ó fi Èkìtì Parapọ̀ sí àárín ìtàn, ó sì jẹ́ kí a rí i bí àwọn ìlú tí kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ rí ṣe di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Kí olùkọ́ tí ó bá ń ka Johnson ka ìyẹn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí àwa ará apá ìhín má ṣe yọ̀ jù. Bí Johnson bá gbé Ìbàdàn ga, àwa náà ní ìtàn tí a ń sọ nílé tí ó gbé wa ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ògèdèǹgbé, tí í ṣe Ṣèríkí gbogbo ogun Èkìtì Parapọ̀, ti wà láàárín àwọn ará Ìbàdàn rí, níbẹ̀ ni ó sì ti rí bí a ti ń jagun. Kí ó tó di olùgbàlà fún wa, àwọn ìlú kan ní ilẹ̀ Àkókó ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akónilẹ́rú. Ẹni tí a bá mú lójú ogun, ìbáà ṣe apá wọn, ìbáà ṣe apá wa, ọjà ni a ń mú un lọ. A jà fún òmìnira, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ilé àwa tí a jà náà tí òmìnira yìí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìbọn, nítorí òun ni ó yà ogun yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November, ọdún 1878, ní ogun Jálumi lẹ́bàá Ìkìrun, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbé. Ọjọ́ kan ni Ìbàdàn fi ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, odò Ọ̀tìn sì gbé àwọn tí ń sá lọ. Ogun àtijọ́ nìyẹn: ìjà ọjọ́ kan, òkú púpọ̀, ó sì tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó ti oko ẹrú padà tàbí ọmọ wọn, irú Joseph Pythagoras Haastrup. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó, èyí tí Ìbàdàn kò lè dí. Ìbọn wọ̀nyí kì í ṣe ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu, tí òjò bá pa á kò tún ní yìn mọ́. Láti ìdí ni a ti ń ki í, ọta rẹ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀ sì ti wà pọ̀ nínú ìdẹ kan. Ní ọdún 1871 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn Martini-Henry rọ́pò Snider. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ń rọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè ṣe aláìwá ọjà, kò sì pẹ́ kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè wa.

Kí ni ó ti ibẹ̀ wá? Johnson rí i, ó sì kọ ọ́ dáradára. Àwọn ológun Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń dúró ní gbangba láti fi àyà wọn gba ìjà, kò lè dúró mọ́. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ ògiri amọ̀ tí ó nípọn, wọ́n sì ń jà láti inú ihò. Bùdó di ìlú: a kọ́lé síbẹ̀, a dáko yí i ká, a bí ọmọ nínú rẹ̀. Ìbàdàn wà ní apá Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ wà ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó lè lé ẹnì kejì lọ. Ní ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù wọ yàrà ní ọdún 1914, tí ẹnu ń ya gbogbo ayé pé ogun kò lọ síwájú kò padà sẹ́yìn, àwọn baba wa ti rí irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ìbọn tí ó yára kò mú ogun yára parí. Ó sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé ṣẹ́gun, tí kò sì ṣeé fi sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí orúkọ méjèèjì tí ogun yìí ń jẹ́. Johnson ń pè é ní Ogun Ọdún Mẹ́rìndínlógún. Ó kà á láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893. Àwọn ará ibi tí a ti jà á ń pè é ní Kírìjì, nítorí bí ohùn ìbọn ti ń ró láàárín àwọn òkè. Òpìtàn ni ó fún un ní orúkọ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ láti inú ilé rẹ̀ ni ó fún un ní èkejì. Orúkọ méjèèjì ni ó tọ́, kí ọmọ sì mọ̀ wọ́n pọ̀. Èyí kan ń sọ bí ó ti pẹ́ tó, èyí kejì ń sọ bí ó ti rí létí.

A wá dé ibi tí ó dùn wá jù nínú ìwé náà, èyí nì iye tí a san. Johnson ka àwọn ìjòyè tí ó kú. Ó sọ ti Látòósà, tí ó kú sí bùdó ní ọdún 1885 láì rí òpin ohun tí ó dá sílẹ̀. Ó sọ ti Balógun Ajàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún, tí ó gba ipò olórí ogun lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó dé ilé: Ìkìrun ni ó kú sí ní ọdún 1893, nígbà tí àwọn ìyókù ń di ẹrù àtipadà. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ tí omi kò lé sójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yigbì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn olórí, ta ni ó ka àwọn ìyókù? Ta ni ó ka obìnrin tí ó ń ru iṣu láti oko lọ sí bùdó lójoojúmọ́, tí ó sì ń padà pẹ̀lú ẹni tí ó fara gbọta? Ta ni ó ka aláàárù ẹ̀tù tí a mú lójú ọ̀nà Oǹdó? Ta ni ó ka ọmọbìnrin tí a fi ṣe ìwọ̀fà kí bàbá rẹ̀ lè rí owó ra ìbọn kan? Ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún kí ó tó parí. Ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, kò mọ ohun tí à ń pè ní ọjà tí a ń ná láì gbé ìbọn dání.

A kò dá Johnson lẹ́bi pé kò ní iye. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ara wọn jà láti ọdún 1861 sí 1865, akọ̀wé ìjọba wà tí ó ń kọ orúkọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi lè sọ pé ó ju ọ̀kẹ́ mẹ́ta mẹ́wàá, èyí ni 600,000, ọmọ ogun tí ó kú. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta kan wà lẹ́bàá ilé ìsìn tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ abúlé náà sí, àwọn tí ó kú láti ọdún 1914 sí 1918. Alágbẹ̀dẹ, darandaran àti ọmọ olówó wà lórí ìlà kan náà. Ọ̀dọ̀ tiwa, oríkì àwọn ológun ni a ń kì. Èyí tí a fi dá Johnson lẹ́bi ni pé, òun tí ó rí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lójúkorojú, tí ó gba àárín wọn kọjá láti bùdó kan dé èkejì, kò dúró bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ni ojú rẹ rí. Ìjòyè ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ sì dà bí ilé ọba: bí o kò bá ní oyè, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá ọ dúró.

Ó dára kí a sọ bí ó ti parí pẹ̀lú, nítorí níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé wa tún ti ṣe dáradára jù. Ní ọjọ́ 23 oṣù September, ọdún 1886, a kéde àlàáfíà ní iwájú àwọn aṣojú Gómìnà, a sì sun bùdó. Ẹni tí ó bá ka ojú ìwé yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn èéfín. Ṣùgbọ́n Johnson kò tan wá jẹ pé ohun gbogbo ti tán. Ìlọrin ṣì ń jà ní Ọ̀fà, Ìbàdàn sì kó lọ sí Ìkìrun. Ọdún méje sí i ni ó tó di pé Gómìnà Carter wá tú wọn ká ní ọdún 1893. Ìwé àdéhùn náà sọ pé kí Mọ̀dákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú, àwa tí a ń kọ̀wé yìí sì mọ̀ pé Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ tún pa ara wọn láti ọdún 1997 sí 2000, ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí ìwé. Iye tí a ń san lórí ogun kì í tán ní ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́.

Ohun kan tún wà tí Johnson rí gẹ́gẹ́ bí èrè, tí àwa rí gẹ́gẹ́ bí ara owó tí a san. Ó fi inú dídùn kí Gẹ̀ẹ́sì káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùlàjà, a kò sì lè bá a wí, nítorí ó ti rí ogun jù. Ṣùgbọ́n olùlàjà tí ó wọlé ní ọdún 1886 kò jáde títí di ọdún 1960. Àwọn tí ó jà ní ọdún mẹ́rìndínlógún kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lórí wọn, gbogbo wọn ni ó gba ajẹ́lẹ̀ mìíràn, ti Ìbàdàn àti ti Èkìtì pọ̀. Nígbà tí ìjà bá dé, tí a kò lè parí rẹ̀ fúnra wa, ẹni tí ó bá wa parí rẹ̀ ni yóò ni ilé.

Kí wá ni a ó ṣe pẹ̀lú ìwé yìí nínú kíláàsì? Èkíní, kí a máa kà á. Kò sí èyí tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe kà á nìkan. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, kí a rán àwọn ọmọ lọ sílé láti béèrè ìtàn tí kò sí nínú ìwé. Àwa gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ náà. A ní kí olúkúlùkù lọ bi ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé rẹ̀ léèrè ohun tí a sọ fún un nípa Kírìjì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ.

Ìtàn ìṣẹ́gun ni a retí. Ohun tí wọ́n mú wá yàtọ̀. Ọ̀kan kọ̀wé pé ilé wọn kì í gbin iṣu sí apá kan nínú oko wọn, nítorí ibẹ̀ ni a sin àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn sí. Ọ̀kan kọ̀wé pé ìyá ńlá ìyá ńlá rẹ̀ kì í ṣe ará ibí. Apá Ìbàdàn ni a ti mú un, a sì fẹ́ ẹ nílé wọn, òun ni ó sì bí gbogbo wọn. Ọmọ tí ó bi wá ní ìbéèrè náà ni ó mú èyí tí ó kúrú jù wá. Bàbá bàbá rẹ̀ sọ fún un pé nígbà ogun, nígbà tí ohùn ìbọn bá ń ti ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé bọ̀ lóru, àwọn ìyá a máa ki òwú bọ etí àwọn ọmọ wọn kí wọ́n lè sùn.

A ka gbogbo rẹ̀ sókè nínú kíláàsì. Ẹni tí ó sọ ti ìyá ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ ń tijú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ fi í ṣe ẹ̀sín pé ọmọ Ìbàdàn ni. A dá wọn lẹ́kun, a sì bi wọ́n léèrè pé, bí ogun náà bá tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la, apá wo ni kí ọmọ yìí yìnbọn sí? Kò sí ẹni tí ó dáhùn. A kò rí ẹ̀kọ́ ìtàn kan tí ó wọlé sí wọn lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ìwé pélébé náà wà nínú àpótí ilé ẹ̀kọ́ wa. Kì í ṣe ohun ńlá, kò sì lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Johnson. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ mìíràn bá tún béèrè pé níbo ni àwọn bàbá wa wà, a ó ṣí àpótí náà fún un.